Bí Ọdẹ́yalé Ṣe Lọ Kọ́ Ìrèmọ̀jé Lọ́dọ̀ Ìyá Ohùn

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìyá tó bí mi ṣì wà láyé. Wọ́n ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ sódò, wọ́n á máa kùn bọ̀ lójú ọ̀nà pé omi ayé ìsinsìnyí wúwo ju ti ìgbà èwe àwọn lọ. Láńlẹ́hìn ẹlẹ́mu ṣì wà láyé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, orí ọ̀pẹ ló ti máa ń bá àwọn tó ń lọ sóko ṣàwàdà. Àyọ̀ká, ìyàwó Ọdẹ́yalé, ṣì wà láyé. Igi àgbálùmọ̀ ẹnu ọ̀nà agboolé wa ṣì wà ní ìdúró. Ọdẹ́yalé ọdẹ náà wà láyé, ó ti darúgbó, orúnkún rẹ̀ máa ń dún kẹ́kẹ́ bó bá fẹ́ jókòó. Ògúnmọ́dẹdé, olórí ọdẹ wa, wà láyé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kú, gbogbo wa la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí igi àgbálùmọ̀ yẹn ni Ọdẹ́yalé ti wá ń sọ ìtàn náà fún wa lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti kọjá. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, a ó tẹ́ ẹní, Láńlẹ́hìn á gbé akèrègbè rẹ̀ sáàárín itan, Ọdẹ́yalé á mí kanlẹ̀, á ní ó rẹ òun, òun ò ní sọ ju díẹ̀ lọ. Kò sí ìgbà kankan tó sọ díẹ̀.

Ọdẹ́yalé àti Ògúnmọ́dẹdé kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Igbó ló so wọ́n pọ̀. Láti ìgbà tí Ọdẹ́yalé ti kọ́ iṣẹ́ ọdẹ lọ́dọ̀ Ògúnmọ́dẹdé ni wọ́n ti jọ ń sùn nínú igbó, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, kí ojú ọ̀kan lè kọ sí ìlà-oòrùn, kí ti èkejì kọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí nǹkan kan má bàa yọ́ wọ̀ wọ́n lára. Ọwọ́ àti ojú ni Ọlọ́run fún Ọdẹ́yalé. Ohùn ló fún Ògúnmọ́dẹdé. Bí Ògúnmọ́dẹdé bá ń sun ìjálá lójú agbo, adìẹ tó ń jẹ̀ á dúró, obìnrin tó ń gúnyán á gbé ọmọ odó sókè, á gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ọdẹ́yalé bá lanu láti sun ìjálá, ẹ jẹ́ kí n wí i bó ṣe rí, aburú ni. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lásán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún régé. Bó bá ti fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí àwọn tó mọ̀ ọ́n sun ṣe máa ń fà á, èyí tó yẹ kó gòkè á bọ́ sílẹ̀, èyí tó yẹ kó wà nílẹ̀ á gòkè. Ó fẹ́ ki baálẹ̀ nígbà kan, ó fẹ́ pè é ní baba, ó pè é ní bàbà. Títí dòní, àwọn ọmọ baálẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè lọ́mọ ọkà.

Àìsàn Ògúnmọ́dẹdé kọ́kọ́ gba ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gba ohùn. Olóhùn tó ń dá adìẹ dúró wá di ẹni tí atẹ́gùn lásán ń jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹ́ná. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ ní láti gbé etí sún mọ́ ètè rẹ̀. Àwọn ọdẹ jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi ìka pe Ọdẹ́yalé, gbogbo wọn gbé etí sún mọ́ ọn, ó fẹ́ ọ̀rọ̀ jáde, ohun tí wọ́n sì gbọ́ nìyí:

"Ọdẹ́yalé, ọjọ́ tí mo bá ń lọ, ìwọ ni kó o sun tì mí."

Gbogbo wọn ló mọ ohun tí wọ́n ń sun bí ọdẹ bá kú. Ìrèmọ̀jé ni, ìjálá ọ̀fọ̀, òun ni wọ́n fi ń yọ olóògbé kúrò láàárín àwọn ọdẹ tó ṣẹ́kù. Wọ́n gbà pé ọdẹ tí wọn kò bá sun ìrèmọ̀jé fún kò ní rí ọ̀nà lọ, inú igbó ni yóò máa rìn kiri, yóò máa dúró níwájú ẹran kí ìbọn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa bà á. Iṣẹ́ olóhùn iyọ̀ sì ni. Ògúnmọ́dẹdé ti pa ojú dé, ó ti padà sínú oorun àìsàn rẹ̀.

Láńlẹ́hìn tó gbé ẹmu wá kí aláìsàn ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ èrò níbi òkú wọn ni."

Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó ní, "Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n." Ó dìde, ó lọ sílé lọ nu ìbọn.

Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ pé lẹ́yìn Igbó Elétí, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìyá Ohùn, pé gbogbo ohùn rere tó ń wọ ayé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń wá. Àyọ̀ká rí i tó ń di iṣu sísun sápò.

"Bàbá Ṣúnmibárẹ́, ṣé orúnkún yín yìí ló fẹ́ gbé yín débẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi níṣẹ́."

"Wọ́n rán yín ní ohun tí ẹ ò lè ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò lè ṣe é."

Ọdẹ́yalé so àpò. Ó ní, "Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?" Ó súfèé pe ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Jẹ́ńsinmi, wọ́n sì lọ.

Bí ó ṣe dé ibẹ̀, kò sọ ọ́ rí. Ohun tó máa ń wí ni pé òun rìn títí igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹtí sílẹ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ òun. Ẹnu ibodè igbó náà ló ti rí Elétí. Ara ẹbọra yìí kò ju ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ̀wà. Ó jókòó lórí etí kan, ó fi èkejì bo orí nítorí oòrùn.

Elétí ní, "Ọdẹ, ìbéèrè kan ni mo ní. Kí ni o kò lè ṣe?"

Ọdẹ́yalé gbé àyà síwájú. "Èmi tí mo yìnbọn lu ẹfọ̀n lójú nígbà tí òjò ń rọ̀, tí ẹ̀fúùfù ń jà, tí ẹ̀fọn sì ń jẹ mí nímú? Èmi tí àgbọ̀nrín ń gbọ́ orúkọ mi tó ń wá ibi tí yóò kú sí? Kò sí ohun tí n kò lè ṣe."

"Kò burú," ni Elétí wí, "máa lọ."

Ọdẹ́yalé wọ igbó. Ó rìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó yọ sí gbangba, ó bá Elétí níbi tó fi í sí. Ó tún wọlé, ó tún jáde síbẹ̀ náà. Jẹ́ńsinmi kò tilẹ̀ bá a wọlé mọ́, ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ òjìji etí, ó ń wo olówó rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀.

Níbí ni Láńlẹ́hìn máa ń dá sí i. "Kí ló dé tí o ò yìnbọn fún un?"

"Láńlẹ́hìn, ta ló ń yìnbọn fún etí?"

Nígbà tí ẹsẹ̀ Ọdẹ́yalé wú, ó jókòó síwájú ẹbọra náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí òun kò lè ṣe. Ó ní òun kò lè ro ẹ̀kọ kó má ní kókó. Elétí ní kì í ṣe ìyẹn. Ó ní òun kò lè gun ọ̀pẹ. Elétí ní kì í ṣe ìyẹn.

"Mi ò tíì lè sun ìrèmọ̀jé," ni Ọdẹ́yalé wí.

Elétí gbé etí kúrò lórí. "Ó sún mọ́ ọn. Yọ 'tíì' yẹn kúrò nínú rẹ̀ kí n gbọ́."

"Mi ò lè yọ ọ́. Òun gan-an ni mo bá dé ibí."

"Nígbà náà, ìdajì ọ̀nà ni màá ṣí fún ọ, kó o sì máa gbé 'tíì' rẹ lọ." Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán, nǹkan kan bọ́ lé Ọdẹ́yalé léjìká, kò tóbi ju ọmọ ọlọ lọ, ó tutù, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni wá gbé. Ọ̀nà tó là níwájú rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi rìn ín bí akàn. Ajá náà fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ọdẹ́yalé ní kò sí ọdẹ mìíràn nílẹ̀ yìí tí ajá rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìlú tó wà nídajì ọ̀nà ni wọ́n ń pè ní Ó-Kù-Díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rìn níbẹ̀. Jíjókòó ni gbogbo wọn jókòó, kálukú wọn ń kọ́ nǹkan kan, kálukú wọn sì ní òkúta lórí èjìká, ti ẹlòmíràn ti tóbi ju orí olówó rẹ̀ lọ, ewéko ti hù sí i lára. Bàbá kan ń hun agbọ̀n, bó bá hun ún dé ọrùn, á tú, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí kò ní eyín kankan lẹ́nu ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń súfèé. Fùù, fùù, ni ẹnu rẹ̀ ń ṣe.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá," ni Ọdẹ́yalé kí i.

"Ìwọ náà kú ẹrù. Wá ibì kan jókòó sí. Ó kù díẹ̀."

"Ó tó ìgbà wo tó ti kù díẹ̀?"

Ìyá náà sinmi ẹnu, ó rò ó. "Mo ṣì ní eyín nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀," ni ó wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn.

Ọdẹ́yalé sọ fún ara rẹ̀ pé ti òun yàtọ̀, pé ẹ̀gbọ́n ń dúró de òun, pé òun kò ráyè jókòó. Ó kọjá. Ohun tó wà léjìká rẹ̀ sì ti wúwo sí i.

Ó bá Ìyá Ohùn nínú àgbàlá rẹ̀, ó ń fi asẹ́ sẹ́ ohùn bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ohùn dáadáa ń kán sínú àwọn ahá tó tò sílẹ̀, èérí rẹ̀, ikọ́ àti irọ́ àti ìpòṣé, ó ń dà á fún ewúrẹ́. Obìnrin náà dàgbà, ó sì rẹ̀ ẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, a máa dá ọ̀rọ̀ náà dúró láàárín láti mí. Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń kú lọ, òun ní láti mọ̀ ọ́n sun kó tó di ọjọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀gbọ́n òun kò ní rí ọ̀nà.

"Nílùú mi," ni Ìyá Ohùn wí, "ohun tí ènìyàn bá sun ní ìjálá á yọ jáde, wàá fojú rí i. Irọ́ kò sí níbẹ̀. Ki ẹ̀gbọ́n rẹ kí n wò."

Ọdẹ́yalé túnra mú. Ohun tó fẹ́ wí ni pé ẹ̀gbọ́n òun fi ọ̀kọ̀ pa erin. Ó fà á gùn, ọ̀rọ̀ náà sì rá mọ́ ọn lọ́fun. Ọkọ́ ló jábọ́ látòkè, ọkọ́ tuntun tòun ti igi ọwọ́ rẹ̀, ó bọ́ lu ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọkọ́ rèé," ni Ìyá Ohùn wí. "Erin wo ni wọ́n fi pa?"

Ó di ẹsẹ̀ mú, ó tún sun ún. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ ló jáde. Ọkùnrin gìrìpá kan yọ, fìlà rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu ọwọ́ bí ẹni tó ti fọ ọwọ́ sílẹ̀ de ọbẹ̀.

"Ṣé oúnjẹ ti jinná?"

"Ta ni ọ́?" ni Ọdẹ́yalé bi í.

"Ọkọ ni mí."

"Ọkọ ta?"

"Ìwọ lo pè mí, ìwọ ló yẹ kó o mọ̀. Omi ìwẹ̀ mi dà?"

Bí Ọdẹ́yalé bá dé ibí yìí, àwọn obìnrin ìdí igi àgbálùmọ̀ á máa na ara wọn lẹ́sẹ̀, ìyá mi a máa fi aṣọ nu ojú. Láńlẹ́hìn á béèrè bóyá ọkọ náà a máa mu ẹmu. Ọdẹ́yalé á ní òun kò bi í, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá ń bi léèrè oúnjẹ látàárọ̀ dalẹ́ kì í ráyè béèrè nǹkan míì. Ó ní ọkọ náà tẹ̀ lé òun kiri ìlú yẹn, ó ń ráhùn, ó ń wá ìyàwó, bí òun bá jókòó láti kọ́ ẹ̀kọ́, ọkọ náà á jókòó ti òun, á na ẹsẹ̀.

Ó kọ́ ọ, ó kọ́ ọ. Ìyá Ohùn mú un bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ní kó sun ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré, kó má fà á. Bí kò bá ti fà á, ó ń jáde dáadáa. Bó bá ti fà á, ó ti dàrú. Gbogbo àgbàlá kún fún ohun tí kò pè. Ó pe ẹfọ̀n, ẹ̀fọn ló rọ́ dé. Ó fẹ́ sọ pé àwọn jọ jẹ ìyà, ìyá kan ló yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá náà àti ọkọ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lójoojúmọ́, òkúta èjìká rẹ̀ ń dàgbà, Ọdẹ́yalé sì ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìyá Ohùn wá sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹkùn. Gbogbo ọdẹ ló ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Bí ẹkùn kan bá lè yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹkùn tí kò tíì lajú, a ó mọ̀ pé ọ̀nà wà."

Ọdẹ́yalé pa ojú dé. Ó rántí Ògúnmọ́dẹdé bó ṣe máa ń tẹ ewé mọ́lẹ̀ tí kì í dún. Ó rántí atẹ́gùn lásán tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nísinsìnyí. Ó lanu, ó fà á.

Ẹkùn kankan kò yọ. Ẹkún ló dé.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ewúrẹ́, ó kan ọkọ, ó kan ìyá tó ń wá ọmọ, ó jáde sígboro. Gbogbo ìlú náà gbé e. Àwọn tí ń tajà fi ọjà sílẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí, wọn kò mọ ẹni tó kú. Jẹ́ńsinmi gbójú sókè, ó ń hu. Ọdẹ́yalé náà jókòó sílẹ̀, ó ń sun ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ iṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò jẹ́ kó ráyè sunkún. Omijé ṣàn ní àgbàlá títí àwọn ahá fi léfòó.

Nígbà tó tán, Ìyá Ohùn fún etí aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ tó o ti dé, èyí nìkan ló jáde bó ṣe wà nínú rẹ."

Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó mú ahá kan wá látinú yàrá, wọ́n fi ewé dé e. Ó ní ohùn olóògbé kan ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó mọ ìrèmọ̀jé sun jù lọ nígbà ayé rẹ̀. Ó ní kó gbé e mì. Ọdẹ́yalé gbé e mì, ó lanu, ohùn náà jáde bí oyin gbígbóná. Àwọn ènìyàn sáré wá, wọ́n dúró. Àyà rẹ̀ kún fún ayọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbọ́ ohun tí ẹnu òun ń wí, ó rí i pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Láyemí ló ń kì, tó ń sọ nípa odò tí òun kò wọ̀ rí, nípa ilé kan tó wó. Ó fẹ́ yí i sí ti Ògúnmọ́dẹdé. Ohùn náà kò mọ Ògúnmọ́dẹdé. Ó ń bá ti ẹ̀ lọ. Ọdẹ́yalé pe ajá rẹ̀ kó lè fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Jẹ́ńsinmi wò ó, ó fi ìrù sáàárín ẹsẹ̀, ó sá lọ sẹ́yìn ewúrẹ́.

Ọdẹ́yalé tẹrí ba, ó da ohùn náà padà sínú ahá, ó bò ó.

"Ìyá, ẹ gba nǹkan yín. Ẹ ṣeun. Mi ò lè sun ìrèmọ̀jé."

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, ó dún gbì nílẹ̀. Ọkọ wò ó, ó fà á mọ́ra, ó jókòó lé e, ó ní àpótí ni òun ti ń wá láti ọjọ́ yìí.

Ìyá Ohùn kò yọ̀, kò sì bínú. "Kí lo wá fẹ́ lọ ṣe fún un?"

"Màá sọ fún un pé mi ò lè ṣe é, kó má bàa máa retí mi. Kó lè tètè wá ẹlòmíràn nígbà tó ṣì ń mí."

"Sáré, nígbà náà."

"Ọkọ yìí ńkọ́, Ìyá? Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sun ún padà."

Ìyá Ohùn yẹ ọkùnrin náà wò látòkè délẹ̀. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Apá ti ń ro mí. Yóò máa bá mi di asẹ́ mú, bó bá fẹ́ jẹun."

Bó ṣe ń bọ̀, ó gba Ó-Kù-Díẹ̀ kọjá. Ìyá arúgbó tó ń súfèé rí èjìká rẹ̀ tó ṣófo. "Ṣé o ti mọ̀ ọ́n?"

"Rárá, Ìyá. Mi ò lè ṣe é."

Ẹni tó ń hun agbọ̀n bú u, ó ní ọ̀lẹ ni, ó ní bó bá dúró sí i, ó kù díẹ̀. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ṣùgbọ́n ìyá náà pa ẹnu dé, ó na ọwọ́ sí Ọdẹ́yalé, ó ní, "Fà mí dìde, ìdí ti ń dùn mí tipẹ́." Ọdẹ́yalé fà á. Kò mọ ibi tó gbà lọ.

Lẹ́nu ibodè, Elétí tún bi í ní ìbéèrè rẹ̀. Ọdẹ́yalé dá a lóhùn láìdúró. Elétí fi etí bo orí, ó ní, "Ohun tí mò ń bi ọ́ níjọ́sí náà nìyẹn," ọ̀nà sì là gbayawu títí dé agboolé wa.

Láńlẹ́hìn wà lórí ọ̀pẹ, òun ló kọ́kọ́ rí i. "Olóhùn iyọ̀ ti dé," ni ó ké látòkè. "Sun ọ̀kan kí ọ̀pẹ gbọ́."

"Mi ò lè sun ún, Láńlẹ́hìn."

Láńlẹ́hìn ti tọ́jú oríṣiríṣi èébú dè é, ó sọ ọ́ fún wa fúnra rẹ̀. Kò rí èyí tó bá a mu nínú wọn. Ó fi okùn sọ akèrègbè ẹmu kalẹ̀ fún un láti òkè ọ̀pẹ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ṣì wà. Ó ń bi wá léèrè rẹ."

Ọ̀sán ni. Ọdẹ́yalé wọlé pẹ̀lú eruku, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ògúnmọ́dẹdé ti fúyẹ́ bí ewé. Ọdẹ́yalé kò pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, mo lọ kọ́ ọ. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ohùn. Mi ò lè sun ìrèmọ̀jé, mi ò sì ní lè sun ún láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn."

Ògúnmọ́dẹdé wò ó, ó wò ó. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọdẹ́yalé rò pé èémí ló ń há a, ó fẹ́ pariwo pe àwọn ará ilé, kó tó rí i pé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tí kò ní ohùn. Aláìsàn náà gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tẹ orí sí i, bí ọmọdé ṣe ń fi hàn ìyá rẹ̀ pé oorun ń kun òun. Ọdẹ́yalé gbé etí sún mọ́ ètè rẹ̀.

"Sùn," ni atẹ́gùn náà wí. "Mo ní kó o sùn tì mí. Bíi tinú igbó. Ẹ̀yìn mi ń tutù."

"Ẹ̀gbọ́n, sùn lẹ wí?"

"Mo mọ ohùn rẹ láti ọjọ́ tó o ti sọ baálẹ̀ di ọkà. Ṣé orí mi ló dàrú?"

Ọdẹ́yalé jókòó, ó ronú kan Elétí, ó ronú kan ọkọ́ tó bọ́ lù ú lẹ́sẹ̀, ó ronú kan gbogbo ilẹ̀ tó fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ó fẹ́ bínú, kò rí agbára ìbínú mú jáde. Gbogbo ara rẹ̀ ń béèrè ibi tí yóò gbé e sí.

Bí ìtàn bá dé ibí, Láńlẹ́hìn kì í fi í sílẹ̀. "Ta ló wá sun ìrèmọ̀jé náà?"

"Àwọn tó lóhùn ni," ni Ọdẹ́yalé máa ń wí. "Wọ́n sun ún lọ́la ọjọ́ náà, ó dùn títí igi fi ń sunkún. Mo wà lẹ́yìn wọn, mò ń bu ẹmu fún wọn, èmi ni mo sì ń sọ fún wọn ohun tí wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó fi ohùn sí i. Ta ló tún mọ̀ ọ́n tó mi?" Á wá fi ọwọ́ ra orúnkún. "Àmọ́ ọ̀la ọjọ́ náà nìyẹn."

Ọjọ́ náà gan-an, ó tú bàtà, ó gbé ìbọn ti ògiri, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní Ògúnmọ́dẹdé, ó fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn rẹ̀. Egungun ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yọ síta, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí ohun kan tó kọ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Oorun gbé e lọ kí ó tó mí dáadáa.

Nírọ̀lẹ́, Àyọ̀ká gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí àgbàlagbà méjì tó sùn fọnfọn, ó ní kò yẹ kí òun jí wọn. Ó gbé ẹ̀kọ kalẹ̀, ó fi ewé bò ó, ó rọra lọ.

Ẹ̀kọ náà ti tutù kí Ọdẹ́yalé tó lajú. Ìwọ̀-oòrùn ni ojú rẹ̀ kọ sí, bíi tinú igbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, kó tó yíjú. Kò pariwo, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Ó tún ojú pa dé, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀ sí i kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má bàa dá nìkan wà, lẹ́yìn náà ló dìde, tí orúnkún rẹ̀ dún, tó sì jáde lọ sọ fún àwọn ọdẹ pé Ògúnmọ́dẹdé ti lọ.